Eré Máfíà: Àwọn Òfin Tó Máa Ń Dá Ìjà Sílẹ̀, àti Bí Ìlú Ṣe Lè Borí

"Ṣé dókítà lè gba ara rẹ̀ là?" "Ẹni tí wọ́n ti pa ńkọ́, ṣé ó ṣì lè sọ̀rọ̀?" "Ìbò dọ́gba, ta ló máa lọ?" Kò sí ìsinmi ọdún tí wọn kì í bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta yìí nípa eré Máfíà, ìjà sì sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pè mí. Ẹ ti pẹ́ kí ẹ tó béèrè. Kí ẹ tó pín káàdì ló yẹ kí ẹ ti fẹnu kò lórí òfin. Bí ẹnì kan bá ti rí ohun tó wà nínú káàdì rẹ̀, òfin tó máa gbè é nìkan ló máa gbà.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e ni pé kí ló dé tí ìlú kì í borí. Ojú ènìyàn ni ẹ ń wò, ẹ kì í ka orí, ẹ kì í ka ìbò. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ọ̀rọ̀ méjèèjì.

## Eré náà ní kúkúrú

Ènìyàn díẹ̀ jẹ́ máfíà, wọ́n sì mọ ara wọn. Àwọn yòókù jẹ́ ará ìlú, wọn ò mọ ẹnikẹ́ni. Nínú ìlú, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan wà tó ń yẹ ènìyàn kan wò lóru kọ̀ọ̀kan, dókítà kan sì wà tó ń dáàbò bo ènìyàn kan. Lóru, máfíà á pa ẹnì kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn á jíròrò, wọ́n á sì dìbò lé ẹnì kan kúrò nílùú.

Ìlú borí bí máfíà bá tán. Máfíà borí bí iye wọn bá ti dọ́gba pẹ̀lú iye àwọn tó kù. Ẹ tún èyí kà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà: máfíà ò nílò láti pa gbogbo ènìyàn tán. Bí máfíà 2 bá kù pẹ̀lú ará ìlú 2, eré ti parí, ìlú ò lè fi ìbò borí wọn mọ́.

## Ohun tí ẹ nílò

- Ènìyàn 8 sí 12, àti adarí kan tí kò ní gba káàdì.
- Páálí Whot kan. Ẹ ò nílò káàdì àkànṣe kankan.
- Ìwé àti bírò fún adarí.
- Àga tàbí ẹní tí ẹ tò yípo, kí gbogbo ènìyàn lè rí ojú ara wọn.

Bí mo ṣe máa ń pín Whot nìyí: Whot 20 ni máfíà, ìràwọ̀ kan ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, àgbélébùú kan ni dókítà, róbótó ni ará ìlú. Whot 20 márùn-ún ló wà nínú páálí tó pé, róbótó sì jẹ́ 12, nítorí náà káàdì á tó yín. Káàdì tó bá ti ká létí tàbí tó ní àmì lẹ́yìn, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọmọ ilé tó ti ń fi páálí yẹn ta Whot láti ọdún tó kọjá mọ káàdì yẹn ju orúkọ ara rẹ̀ lọ.

Iye máfíà:

- Ènìyàn 8 tàbí 9: máfíà 2.
- Ènìyàn 10: máfíà 2 bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, 3 bí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn.
- Ènìyàn 11 tàbí 12: máfíà 3.

Ní àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi eré yìí díje ní Rọ́ṣíà, ènìyàn 10 ni wọ́n ń lò, máfíà 3, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ olórí, wọn kì í sì í fi dókítà sí i. Ìyẹn le fún ìlú gan-an. Ẹ má fi bẹ̀rẹ̀.

## Òfin tí ẹ gbọ́dọ̀ fẹnu kò lé lórí kí ẹ tó pín káàdì

Mo sọ èyí tí mo fara mọ́ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí tiyín bá yàtọ̀, kò burú, àfi kí gbogbo ènìyàn ti gbọ́ ọ.

1. Ẹni tó kú. Kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ mi orí, kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Kérésìmesì kan, àbúrò mi kan tí wọ́n pa lóru àkọ́kọ́ jókòó sáàárín wa, ó la ojú rẹ̀ sílẹ̀ lóru kejì, ó sì rí gbogbo wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò la ẹnu rárá. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan báyìí bá ń rojọ́. Ẹ̀rín yẹn ló tú àṣírí, ariwo sì sọ. Láti ìgbà náà, òkú tó bá fẹ́ la ojú lóru gbọ́dọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn adarí. Ẹni tó bá fẹ́ wà láàárín àwọn alààyè, kó máa dijú pẹ̀lú wọn.

2. Ìbò tó dọ́gba. Àwọn tí ìbò wọn dọ́gba á tún rojọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, ẹ ó sì tún ìbò dì láàárín àwọn nìkan. Bó bá tún dọ́gba, kò sẹ́ni tó máa lọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má fi adarí ṣe ẹni tó ń dá ẹjọ́. Òun ló mọ gbogbo àṣírí.

3. Ṣé ìlú lè kọ̀ láti lé ẹnikẹ́ni? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi sínú òfin, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

4. Dókítà. Ó lè gba ara rẹ̀ là lẹ́ẹ̀kan péré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò gbọ́dọ̀ dáàbò bo ẹnì kan náà ní òru méjì tó tẹ̀ lé ara wọn. Láìsí òfin yìí, dókítà á jókòó ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ títí eré á fi parí, máfíà ò sì ní rí nǹkan kan ṣe sí i.

5. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Adarí á mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́: ṣé máfíà ni ẹni yìí àbí kì í ṣe máfíà. Kò ní sọ pé "dókítà nìyẹn".

6. Bí ohùn máfíà ò bá ṣọ̀kan. Bí wọn ò bá nawọ́ sí ẹnì kan náà kí adarí tó ka 10 nínú ọkàn rẹ̀, kò sẹ́ni tó kú lóru yẹn.

7. Káàdì. Ẹni tó bá kúrò nínú eré á ṣí káàdì rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá wà láàyè kò gbọ́dọ̀ fi káàdì rẹ̀ han ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ fìrí. Bó bá ṣe é, ó kú.

8. Ìbúra. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún ju gbogbo èyí tó kù lọ. Irọ́ wà nínú eré yìí, òun gan-an ni eré náà. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi Bíbélì, Kùráánì, irin tàbí ẹ̀mí ìyá rẹ̀ búra pé òun kì í ṣe máfíà. Ará ìlú ló lè búra láìfòyà, nítorí náà gbogbo ẹni tí kò bá lè búra ti di máfíà, eré ti bàjẹ́ nìyẹn. Máfíà tó bá sì búra ti gbé ohun tó ju eré lọ wá sídìí eré. Mo ti rí ìyá tó dìde kúrò láàárín wa, tí kò padà mọ́, nítorí pé ọmọ rẹ̀ fi ẹ̀mí rẹ̀ búra irọ́. Ní tèmi, ẹni tó bá búra kú lójú ẹsẹ̀, láìsí ìbò.

9. Nọ́ńbà dípò orúkọ. Ó ṣòro fún ọmọdé láti nawọ́ sí àgbà kó ní "ẹ̀yin lẹ pa á". Máfíà tó bá jẹ́ àgbà á kàn fara balẹ̀ jókòó sábẹ́ ọ̀wọ̀ yẹn ni. Ẹ fún ìjókòó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. "Mo fura sí Nọ́ńbà 4" rọrùn lẹ́nu ju "Ẹ̀gbọ́n, irọ́ lẹ ń pa" lọ, kò sì sẹ́ni tó máa bínú lọ sùn.

## Bí òru kan àti ọ̀sán kan ṣe ń lọ

1. Adarí á pò káàdì dáadáa, á sì pín in ní ìdojúdé. Kálukú á wo tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á sì dà á bolẹ̀.
2. "Ilẹ̀ ti ṣú. Gbogbo ìlú, ẹ dijú." Láti ìgbà yìí, kí gbogbo ènìyàn máa fi ọwọ́ gbá itan wọn jẹ́jẹ́. Ariwo kékeré yẹn ló máa bo ìró aṣọ àti àga ẹni tó bá ń nawọ́.
3. "Máfíà, ẹ lajú." Wọ́n á wo ara wọn, wọ́n á nawọ́ sí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, wọ́n á sì dijú padà.
4. "Dókítà, ẹ lajú." Á nawọ́ sí ẹni tó fẹ́ dáàbò bò, á sì dijú.
5. "Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ lajú." Á nawọ́ sí ẹni kan, adarí á mi orí dá a lóhùn, á sì dijú.
6. "Ilẹ̀ ti mọ́." Adarí á sọ ẹni tó kú. Bí dókítà bá gbà á là, á kàn sọ pé kò sẹ́ni tó kú.
7. Kálukú á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ní títẹ̀léra. Lọ́jọ́ kejì, ẹni tó tẹ̀ lé ẹni àkọ́kọ́ ló máa bẹ̀rẹ̀, kí ó má baà jẹ́ ẹnì kan náà ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lójoojúmọ́.
8. Ẹ dárúkọ àwọn afurasí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á rojọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30.
9. Ẹ dìbò. Gbogbo ọwọ́ á jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí adarí bá ka ẹní, èjì, ẹ̀ta. Ẹ má dìbò ní títẹ̀léra, máfíà á kàn dúró wo ibi tí ọ̀pọ̀ ń lọ ni.
10. Adarí á kọ ẹni tó dìbò fún ẹni tó lọ sínú ìwé. Ilẹ̀ á tún ṣú.

### Àṣìṣe adarí

Ẹ wò ó bí mo ṣe kọ "ẹ lajú" fún dókítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnì kan ni. Ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti ba eré jẹ́ lójú mi lọ́pọ̀ ìgbà. Èdè wa ò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, "ó" bo àṣírí ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀wọ̀ ni kò bo. Bí adarí bá sọ pé "dókítà, lajú" lóru àkọ́kọ́, tó wá sọ pé "ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ lajú", gbogbo ará ilé ti mọ̀ pé Màmá tàbí Bọ̀dá àgbà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ọmọdé sì ni dókítà. Ẹ lo "ẹ" fún gbogbo ènìyàn lóru, ìbáà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn mìíràn:

- Bí dókítà bá ti kú, ẹ ṣì máa pè é lóru kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dúró bí ẹ ṣe máa ń dúró. Ohun kan náà ni fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́.
- Ẹ má kọ ojú sí ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lóru. Ohùn máa ń júwe ibi tó ń lọ. Ẹ wo ilẹ̀.
- Ẹ má dá sí ìjíròrò, kódà bí ìlú bá fẹ́ ṣe ohun tó dùn yín.

## Bí ẹ bá jẹ́ ará ìlú: ẹ ka orí

Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni, ẹ mọ iye àṣìṣe tí ìlú lè ṣe. Ká ní máfíà jẹ́ 2, òru ló bẹ̀rẹ̀ eré, dókítà ò sì gba ẹnikẹ́ni là:

- Ènìyàn 7: bí ìlú bá lé ẹni tí kì í ṣe máfíà lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má fi máfíà 2 bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ 8.
- Ènìyàn 8 tàbí 9: àṣìṣe kejì ló máa pa ìlú.
- Ènìyàn 10: àṣìṣe kẹta.

Ẹ rí i pé 8 àti 9 kò yàtọ̀. Ẹni kẹsàn-án yẹn kò fún ìlú ní ìbò kankan sí i. Ibẹ̀ ni òfin kẹta ti wúlò. Ká ní ẹ ku 4, máfíà 1 sì wà nínú yín. Bí ẹ bá dìbò tí ẹ ṣìnà, ẹ ó ku 3, máfíà á pa ẹnì kan lóru, ó di ọ̀kan sí ọ̀kan, ó parí. Bí ẹ bá kọ̀ láti lé ẹnikẹ́ni, máfíà á pa ẹnì kan, ẹ ó ku 3, ẹ ó sì dìbò nígbà náà. Ìbò kan ṣoṣo ni ẹ ní lọ́nà méjèèjì, ṣùgbọ́n láàárín 4 lẹ ti ń wá máfíà lọ́nà kìíní, láàárín 3 ni lọ́nà kejì. Bó ṣe rí nìyẹn náà bí ẹ bá ku 6 tí máfíà 2 ṣì wà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín á tún rí òru kan sí i, bó bá wà láàyè. Àfi bí ẹ bá ti ní máfíà kan tó dájú lọ́wọ́: ẹni yẹn, ẹ lé e láìdúró.

## Lẹ́yìn náà, ẹ ka ìbò

Ẹni tó ń làágùn kì í ṣe máfíà, ooru lè mú un. Ẹni tó dákẹ́ lè jẹ́ onítìjú. Ìlú tí mo mọ̀ máa ń lé ẹni tó dákẹ́ kúrò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì máa ń jẹ́ ará ìlú. Ìbò kì í làágùn. Nígbà tí ẹ bá lé ará ìlú kan lọ tí káàdì rẹ̀ sì ṣí, ẹ béèrè:

- Ta ló kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀?
- Ta ló yí ohùn rẹ̀ padà nígbà tí ìbò kù díẹ̀?
- Ta ni kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni láti àárọ̀, tó kàn ń sọ pé "èmi náà rí i bẹ́ẹ̀"?

Nígbà tí ẹ bá sì lé máfíà kan lọ, ẹ wo ẹni tó gbèjà rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gbóná, kì í ṣe nígbà tó ti hàn pé ó máa lọ.

Ẹ má pa irọ́ pé ẹ̀yin ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ẹ ò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ìlú lẹ máa dà rú.

## Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: ìgbà wo ni kí ẹ jáde?

Ẹ jáde, ìyẹn ni pé kí ẹ sọ fún ìlú pé ẹ̀yin ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, bí ẹ bá ti rí máfíà kan, tàbí bí wọ́n bá fẹ́ fi ìbò lé yín. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ dúró títí ẹ ó fi ku 5.

Ìdí ni pé bí ẹ bá jáde, máfíà kan lè dìde kó ní òun gan-an ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Àwọn ènìyàn á wá máa pariwo pé àwọn ò mọ èyí tí àwọn máa gbà. Ọ̀rọ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ṣì pọ̀. Ká ní ẹ kù 7, máfíà 2 sì wà. Ẹ lé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni ẹni yẹn ń sọ, ẹ kù 6. Lóru, ẹ di 5. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lé ìkejì láìjiyàn, máfíà ni. Ẹ di 4, lẹ́yìn òru 3, ìbò kan ṣì kù fún yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé 5 lẹ kù nígbà tí méjèèjì jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè yàn. Bí ẹ bá ṣì í yàn, ó tán.

Bí ẹ bá jáde, ẹ sọ ẹni tí ẹ yẹ̀ wò lóru kọ̀ọ̀kan, láti òru àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìdáhùn tí ẹ gbà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ èké kì í rántí irọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

## Dókítà

Lóru àkọ́kọ́, ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ yan ẹni tó bá wù yín. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dáàbò bo ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ran ìlú lọ́wọ́, kì í ṣe ẹni tó pariwo jù. Ẹ fi ìgbà kan tí ẹ ní fún ara yín pamọ́ dìgbà tí ẹnì kan bá ti fura pé ẹ̀yin ni dókítà.

## Bí ẹ bá jẹ́ máfíà

- Ẹ má gbèjà ẹnì kejì yín. Bó bá ti dájú pé ó máa lọ, ẹ dìbò lé e, kí ẹ sì tètè ṣe é.
- Ẹ má pa ẹni tó fẹ̀sùn kàn yín lọ́sàn-án. Ikú rẹ̀ á jẹ́rìí gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀.
- Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ìbò yín bọ́ sí ibì kan náà lójoojúmọ́. Ẹnì kan ń kà á.
- Kí irọ́ yín kéré. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa sọ ká ní ará ìlú ni yín, kí ẹ sì yí ẹyọ kan péré padà.

## Bí ẹ ò bá pé, tàbí tí ẹ ò sí lójú kan

Ènìyàn 6 tàbí 7: ẹ lo máfíà 1, kí ẹ má fi dókítà sí i.

Fún ìdílé tó ti fọ́n ká, tí àwọn kan wà ní Ìbàdàn, tí àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston, WhatsApp tó. Adarí á fi ipò kálukú ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀, á sì dá gúrúùpù kékeré sílẹ̀ fún máfíà. Ọ̀sán kan á gba ọjọ́ kan gbáko, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè rí àyè fèsì. Aago ìlú kan ṣoṣo ni kí ẹ fi gbé gbèdéke ìbò kalẹ̀, kí adarí sì kọ ọ́ sókè gúrúùpù. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọ̀rọ̀ tí adarí fi ránṣẹ́ sí i kó wá fi han ìlú. Káàdì ló ṣí yẹn, òfin 7 ló sì máa mú un.

## Kí ẹ tó pín káàdì

- [ ] Adarí ti ka òfin mẹ́sàn-án sókè, ẹnikẹ́ni ò sì jiyàn.
- [ ] Káàdì tó ní àmì ti kúrò nínú páálí.
- [ ] Iye Whot 20 bá iye ènìyàn mu.
- [ ] Gbogbo ìjókòó ti ní nọ́ńbà.
- [ ] Gbogbo fóònù ti dojú bolẹ̀.
- [ ] Ẹni tí kò bá fẹ́ kí wọ́n pa irọ́ fún òun, kódà nínú eré, ti sọ ọ́, ẹ sì ti fi ṣe adarí.